Bí a ṣe ń yan ohun ìṣeré ẹlẹ́rọ fún ọmọ: láti ilé kí a tó dé ọjà

Lónìí, béárì ń dáhùn ìbéèrè, aago ọwọ́ ọmọ ní kámẹ́rà, róbọ́ọ̀tì kékeré ń jó bí ọmọ bá pàtẹ́wọ́, táblẹ́ẹ̀tì sì wà fún ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà. Bí ọdún Kérésì tàbí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n á kún orí àtẹ láti Bálógun títí dé Dùgbẹ̀, àwọn ará ilé tó wà lókè òkun náà á sì máa dì wọ́n ránṣẹ́. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òbí. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí kí ẹni tó fẹ́ ra ọ̀kan lè mọ ohun tó yẹ kó wò, ohun tó yẹ kó béèrè, àti èyí tó yẹ kó fi sílẹ̀ fún ọlọ́jà.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mú lọ́wọ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀: nínú eré yìí, ta ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ ni tàbí ẹ̀rọ? Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló ń sọ̀rọ̀, tó ń kọrin, tó ń jó, tí ọmọ kàn ń tẹ bọ́tìnnì tó sì ń wò ó, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ohun tí wọ́n ń ti sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ń pàṣẹ, tó ń tò ó, tó ń tú u, tó ń wá ìdí tí kò fi rìn, ẹ ti ra nǹkan gidi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pinnu nílé

Ẹ má tíì wo páálí kankan. Ẹ jókòó, kí ẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn kan: mo fẹ́ kí Táíwò máa to nǹkan pọ̀ kó sì máa tú u, mo fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ máa gbọ́ ìtàn láìtẹjú mọ́ fóònù, mo fẹ́ kí ọmọ mi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tí kò bá lè sọ gbólóhùn yìí, ọlọ́jà ni yóò bá a sọ ọ́, èyí tí kò tà láti ọjọ́ pípẹ́ ni yóò sì gbé lé e lọ́wọ́.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ẹ fi ohun ìṣeré ẹlẹ́rọ sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 2015, ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA Pediatrics gbé ìwádìí kan jáde tí Anna Sosa ti Northern Arizona University ṣe. Ó gba ohùn òbí 26 àti àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣeré nílé. Ọjọ́ orí àwọn ọmọ náà wà láàárín oṣù 10 sí 16. Nígbà tí ohun ìṣeré tó ń dá sọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ òbí ń dín kù, ohùn ọmọ náà sì ń dín kù. Ìwé àwòrán ló mú ọ̀rọ̀ jáde jù lọ. Ìdí rẹ̀ hàn: bí ẹ̀rọ bá ti gba ariwo ṣe, àgbà á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu àgbà ni ọmọ ti ń kọ́ èdè. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ ní 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan má jókòó ti amóhùnmáwòrán tàbí fóònù rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má sì ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Páálí tó ṣófo, ìkòkò, ṣíbí àti ẹ̀yin fúnra yín tó fún ọmọ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọjọ́ orí tó wà lára páálí

Àmì 3+, tàbí 0-3 tí wọ́n fi pupa fagi lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọ. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan wà nínú rẹ̀ tí ọmọ lè gbé mì tàbí tó lè fún un lọ́rùn. Nítorí náà, "ọmọ tèmi gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ" kò kàn án. Ẹ sì rántí àbúrò tó ń rá nílẹ̀: ohun tí ẹ bá rà fún ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún kan yóò fi ẹnu tọ́ ọ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: iná

Ohun ìṣeré tó ti Amẹ́ríkà wá ni mo ń sọ jù níbí. Iná tiwọn jẹ́ fóòltì (V) 120, tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240, bíi ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ṣájà bá jẹ́ ti 120 nìkan, ọjọ́ tí ẹ bá kì í bọ iná NEPA ni yóò jó. Irin kékeré tí a ń rà láti fi yí ẹnu ṣájà padà, ẹnu nìkan ló ń yí, kò dín iná kù. Kí ẹni tó fẹ́ rà á lókè òkun tó sanwó, ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn ṣájà ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Ibi tí wọ́n kọ INPUT sí ni kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí 100–240V, kò séwu. Bí ẹ bá rí 120V nìkan, ẹ ní kó wá òmíràn.

Èyí tó ń lo okùn USB ló rọrùn jù fún wa, nítorí pọ́wà báǹkì lè ṣáájì rẹ̀ nígbà tí kò bá sí iná. Èyí tó ń lo bátìrì AA tàbí AAA náà dára, ó wà ní gbogbo ìsọ̀. Bátìrì AA tó ṣeé ṣáájì yóò sì tètè dá owó rẹ̀ padà. Ẹ sá fún èyí tí bátìrì rẹ̀ ní ìrísí àrà ọ̀tọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe. Ní ti mọ́tò àti bàálù oní-rìmóòtù tó ní bátìrì lithium, orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìlì ni kí ẹ ti máa ṣáájì wọn, kí àgbà wà nítòsí, kí ó má jẹ́ orí bẹ́ẹ̀dì, kí ó má sì jẹ́ òru. Bí bátìrì náà bá wú, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gún un, ẹ má sì tún ṣáájì rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bátìrì pẹlẹbẹ

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Bátìrì roboto pẹlẹbẹ, tó ń dán bí owó ẹyọ, wà nínú ìwé tó ń kọrin, nínú rìmóòtù, nínú fìtílà kékeré, nínú káàdì ọjọ́ ìbí tó ń dún. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni CR2032. Nọ́ńbà yẹn ní ìtumọ̀: mìlímítà 20 ni fífẹ̀ rẹ̀, mìlímítà 3.2 ni nínípọn rẹ̀. Fífẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kó há ọmọ kékeré lọ́nà ọ̀fun. Bó bá ti há, iná inú rẹ̀ á gba inú omi ara ọ̀fun kọjá, á sì sọ ọ́ di kọ́sítíìkì sódà, èyí gan-an tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò. Láàárín wákàtí méjì, ó lè ti jó ẹran ọ̀fun gidigidi. Bátìrì tí kò lè tan ohun ìṣeré mọ́ ṣì ní iná tó lè ṣe iṣẹ́ ibi yìí.

Ní December 2020, ọmọ oṣù 18 kan ní Texas, Reese Hamsmith, kú nítorí bátìrì báyìí tó jáde láti inú rìmóòtù. Ìyá rẹ̀ kò dákẹ́. Ní 2022, Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà, pé ilé bátìrì pẹlẹbẹ nínú ohun èlò tí aráàlú ń rà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé kò lè dá ṣí. Òfin yẹn kò dúró ti àtẹ tiwa ní Ìdúmọ̀tà, nítorí náà, ojú yín ni yóò ṣọ́ ọ. Ẹ yí ohun ìṣeré náà dojú délẹ̀, kí ẹ wo ilé bátìrì rẹ̀. Ṣé skúrù dè é? Ṣé skúrù náà wọlé dáadáa? Bí èékánná bá lè ṣí i, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́ ló fún yín. Nígbà tí bátìrì bá kú, ẹ fi sẹ́lótéèpù wé e tọwọ́-tẹsẹ̀ kí ẹ tó jù ú nù, kí ẹ sì gbé àwọn tuntun síbi tí ọwọ́ ọmọ kò dé.

Bí ẹ bá fura pé ọmọ ti gbé e mì, ẹ má dúró kí ó kọ́kọ́ ṣàìsàn. Ọmọ lè máa da itọ́, ó lè kọ oúnjẹ, ó lè máa wúkọ́. Òmíràn kò ní fi nǹkan kan hàn. Ẹ má fi tipá mú un bì. Ilé ìwòsàn tó ní X-ray ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì dárúkọ bátìrì fún dókítà láti ẹnu ọ̀nà, nítorí pé nínú àwòrán, ó lè jọ owó ẹyọ, wọn a sì ní kí ẹ lọ máa ṣọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà, National Capital Poison Center, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ohun tó lè pani lára bí a bá gbé e mì, ń gba òbí nímọ̀ràn pé bí ọmọ bá ti ju ọdún kan lọ, tí kò sì tíì pé wákàtí 12 tó gbé e mì, kí wọ́n fún un ní oyin ṣíbí ìmutíì méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, ó pẹ́ jù ìgbà mẹ́fà, bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí kò pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ń sọ fún òbí ni pé kí wọ́n má fún ọmọ ní ohunkóhun jẹ tàbí mu. Kí ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ pe 999, kí ẹ sì ṣe ohun tí wọ́n bá wí.

Òòfà kéékèèké tó lágbára wà ní ipò kan náà. Bí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n á fa ara wọn láti inú ìfun kan sí èkejì, wọ́n á sì dá ihò sí i. Ilé tí ọmọdé bá wà, kí wọ́n má wọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibo ni ohùn ọmọ ń lọ?

Béárì tó ń dáhùn ìbéèrè kò gbọ́n nínú ara rẹ̀. Ohùn ọmọ ló ń gbà, á fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí kọ̀ǹpútà kan lókè òkun, ibẹ̀ ni èsì ti ń wá. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ohùn tó bá ti jáde nílé yín báyìí, ẹ kò mọ ilé tó sùn.

Ìtàn tó ti ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ní 2015, olè íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sí VTech, ilé-iṣẹ́ Hong Kong tó ń ṣe ohun ìṣeré ẹlẹ́rọ, wọ́n sì rí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà. Ní January 2018, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san 650,000 dọ́là fún ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní February 2017, Jámánì fòfin de ọmọlangidi kan tó ń jẹ́ My Friend Cayla, nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá dúró nítòsí lè fi fóònù tirẹ̀ wọ inú rẹ̀, kó máa gbọ́ ọmọ, kó sì máa bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí òbí bà á jẹ́. Ní ọdún kan náà, ó hàn pé ohùn ọmọ àti òbí tó lé ní mílíọ̀nù méjì, tí ohun ìṣeré CloudPets gbà sílẹ̀, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí ẹni tó bá mọ ọ̀nà ti lè dé ibẹ̀. Ní November 2017, Jámánì tún fòfin de aago ọmọdé tó ń jẹ́ kí òbí yọ́ gbọ́ ohun tó ń lọ ní kíláàsì. Àwọn béárì tó ń lo AI, ìyẹn ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń fèsì bí ènìyàn, ti mú ewu mìíràn dé: ní November 2025, PIRG, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, sọ pé béárì Kumma tí ilé-iṣẹ́ FoloToy ṣe ń sọ ibi tí ọ̀bẹ àti ìṣáná wà nínú ilé fún ẹni tó bá béèrè, ó sì ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀. Ilé-iṣẹ́ náà kó o kúrò lọ́jà nígbà náà.

Nítorí èyí, ìdájọ́ mi lórí ohun ìṣeré tó ń lo AI láti bá ọmọ kékeré takùrọ̀sọ kò yí padà: ẹ má tíì rà á. Fún àwọn yòókù tó ní máíkì tàbí kámẹ́rà, ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó sanwó. Bí mo bá pa Wi-Fi, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́? Ṣé ó ń béèrè kóòdù kí fóònù tó lè wọ inú rẹ̀ láti Bluetooth? Ṣé bọ́tìnnì wà tí mo lè fi pa máíkì àti kámẹ́rà? Ṣé mo lè pa ohun tó ti gbà sílẹ̀ rẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ ohun ìṣeré náà sí Google pẹ̀lú ọ̀rọ̀ "hack", kí ẹ wo ohun tí yóò gbé jáde. Òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ní Nàìjíríà sọ pé ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí kó tó kó àkọsílẹ̀ ọmọdé. Bí áàpù kan kò bá bi yín ní nǹkan kan kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àti fọ́tò ọmọ yín, ẹ pa á rẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ilé-iṣẹ́ bá kú, ṣé ohun ìṣeré yóò kú?

Róbọ́ọ̀tì Moxie, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé láti bá sọ̀rọ̀, 799 dọ́là ni wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀. Ní December 2024, Embodied tó ṣe é kéde pé òun ń kógbá sílé, pé róbọ́ọ̀tì náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọpọlọ rẹ̀ wà. Òbí wá ń ronú bí yóò ṣe sọ fún ọmọ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Anki tó ṣe róbọ́ọ̀tì Cozmo náà ti ti ilẹ̀kùn ní 2019.

Kí ẹ tó rà, ẹ béèrè bóyá ó ní owó oṣooṣù. Dọ́là ni owó náà máa ń jẹ́, káàdì náírà lè má gbà á, òmíràn kò sì gba ẹni tó wà ní Nàìjíríà láti forúkọ sílẹ̀ rárá. Ẹ fi owó dátà kún un. Ohun ìṣeré tó bá nílò íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ẹ ń rà á lójoojúmọ́ ni.

Àwọn tí èmi yóò kọ́kọ́ wò

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ ń wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò gba owó. Scratch, áàpù tí ọmọ fi ń kọ́ bí a ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ṣe ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ní 2007, ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè fi ṣe eré àti àwòrán tó ń rìn. Ẹ lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tokunbo kí ó máa ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. ScratchJr wà fún ọmọ ọdún 5 sí 7. Bí ọmọ bá ti gbádùn ìyẹn, ẹ wá micro:bit fún un. Pátákó kékeré ni, tó ní iná wínníwínní 25 àti bọ́tìnnì méjì. Bátìrì AAA méjì ń gbé e. Ní 2016, BBC pín in fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó tó mílíọ̀nù kan. Ọmọ lè fi ṣe ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀, tàbí èyí tó ń sọ bí yàrá ṣe gbóná tó. Kò ní máíkì nínú èyí àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe, kò sì béèrè orúkọ ẹnikẹ́ni. Níbi tí ẹ bá ti bi í pé ta ló ń ṣiṣẹ́, ọmọ ni.

Fún ẹni tó fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ìtàn, ẹ wo Yoto ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Toniebox ti Jámánì, àpótí kékeré tó ń sọ ìtàn fún ọmọ, pàápàá ẹ̀yin tó ń tọ́mọ ní London tàbí Houston. Àwọn méjèèjì gbà kí ẹ fi ohùn tiyín sínú wọn. Ẹ ní kí ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta pa àlọ́ Ìjàpá sórí WhatsApp, kó má gbàgbé orin inú rẹ̀, kí ẹ wá gbé e sórí káàdì Yoto tí ẹ lè fúnra yín kún. Bó bá ti wọlé tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ki káàdì náà bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, kó sì gbọ́ "Ààlọ́ o!" lóhùn ìyá àgbà rẹ̀, ní Yorùbá. Kò sí ohun ìṣeré tó ń sọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn tó èyí. Ẹni tó wà nílé tí kò lówó rẹ̀ lè fi fóònù àtijọ́ tí kò ní síìmù ṣe é.

Ìgbésẹ̀ keje: níwájú ọlọ́jà

Ẹ ní kí ó fi bátìrì sí i kó tàn án lójú yín. Ẹ gbé e súnmọ́ etí bí ọmọ ṣe máa gbé e. Bó bá dun yín létí, yóò pa ọmọ lára. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ fa ojú béárì, kí ẹ yí táyà mọ́tò, kí ẹ mọ̀ bóyá yóò já. Ohun tó bá lè wọ inú páálí roboto tó wà láàárín tíṣù ilé ìwẹ̀, ó lè há ọmọ ọdún méjì lọ́fun. Bó bá jẹ́ èyí tó ń gba àṣẹ láti ẹnu, ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀, lóhùn tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ bí àwa ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ á sì rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n sọ. Àmì CE, tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ pé ohun ìṣeré bá òfin ààbò ilẹ̀ Yúróòpù mu, rọrùn láti tẹ̀ sára páálí, ẹ má gbára lé òun nìkan. Bí páálí kò bá ní orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí àdírẹ́sì kankan, ẹ kọjá. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: kí ọmọ tó fọwọ́ kàn án

Ní alẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti ṣáájì rẹ̀, kí ẹ sì tò ó. Orúkọ ìnagijẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ; ọjọ́ ìbí gidi, fọ́tò àti orúkọ ilé-ìwé, ẹ má fi síbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ password tó bá a wá. Bó bá jẹ́ táblẹ́ẹ̀tì Android, ẹ fi Family Link ti Google sí i, ọ̀fẹ́ ni. Yóò jẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí áàpù kó tó wọlé, kí ẹ sì mú wákàtí tí yóò kú lálẹ́. Ẹ má so káàdì báńkì mọ́ ọn. Ibi tí gbogbo ilé ń jókòó sí ni kí wọ́n ti máa lò ó, kí ó sì sùn síta yàrá ọmọ.

Ẹ bá ọmọ ṣe é ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó kọ́ yín.

Bí ọmọ bá ti dàgbà jù ú, tí ẹ fẹ́ fún àbúrò tàbí kí ẹ tà á, ẹ wọ inú áàpù rẹ̀, kí ẹ pa àkáǹtì náà rẹ́, kì í ṣe áàpù nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "factory reset" sí, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ mẹ́mórì káàdì, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ni ín báyìí.